Ihò Mẹ́rin Lára Férémù

Fáìlì mọ́kànlá péré ni gbogbo rẹ̀.
Mo kà á tán láàárọ̀ Sátidé kan ní Apáké
kí iná Nẹ́pà tó lọ, kí ògì mi tó tutù.
Férémù fífúyẹ́ ni. Kò ní kárià, kò ní agogo,
ó kàn mọ bí a ṣe ń gba ẹni tó kanlẹ̀kùn
kí a sì sọ fún un pé, "Yàrá rẹ nìyẹn."

Bàbá mi, Oyèdìjí, ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe
láti ìgbà tí igi máńgòrò iwájú ilé wa
kò tíì ga tó èèyàn.
Kò sẹ́ni tó ra kẹ̀kẹ́ tí kì í fẹ́ nǹkan lé e lórí:
oníṣu fẹ́ kárià tí yóò gbé àpò méjì,
tíṣà fẹ́ apẹ̀rẹ̀ ìwé,
ìyálọ́mọ kan láti Másífà fẹ́ ìjókòó ọmọ.
Bóòtù ni Bàbá fi ń de gbogbo rẹ̀.
Kì í jẹ́ kí oníwẹ́dà súnmọ́ férémù.
"Ohun tí o bá fi iná lẹ̀ mọ́ ọn,
ẹ ti di tọkọtaya nìyẹn."

Èmi ò gbọ́.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kajú, lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé,
ní kí n kọ́ ojúlé kan fún àwọn lórí ayélujára.
Akọ̀wé wọn, Ìyá Àrẹ̀mú, fi àkọlé ránṣẹ́ nínú ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀:
Owó tó wọlé. Ọwọ́ tó ṣiṣẹ́.
Ọ̀wọ̀ fún àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.
Òwò tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀rùn.
Férémù mi fá orí gbogbo wọn kodoro:
owo, owo, owo, owo.
Ilẹ̀kùn mẹ́rin, orúkọ kan ṣoṣo.
Ẹni tó bá ń wá ọ̀wọ̀, inú owó ló ń já sí.

Inú bí mi. Mo ṣí ikùn rẹ̀,
mo gé ìlà kẹtàlélọ́gọ́ta, mo fi tèmi dí i.
Ó ṣiṣẹ́! Mo jó yí àga ká.
Oṣù kejì, ẹ̀dà tuntun dé;
àwọn tó rọ férémù rí ihò kan tí olè lè gbà, wọ́n dí i.
Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni,
ó gbá ìlà mi lọ bí ẹni gbá ewé gbígbẹ.
Aago mẹ́fà òwúrọ̀, Ìyá Àrẹ̀mú lórí fóònù:
"Àrìnpé, owó ti jẹ ọ̀wọ̀ mi."

Mo jókòó. Lábẹ́ fèrèsé, mò ń gbọ́ spánà Bàbá:
ó ń tú ìjókòó ọmọ ìyálọ́mọ Másífà.
Ọmọ ti dàgbà.
Kò sí àpá kankan lára kẹ̀kẹ́ náà.

Fáìlì kẹrin ni mo ti wá rí ohun tí ojú mi fò lọ́jọ́sí,
ihò mẹ́rin tí wọ́n dìídì lu sílẹ̀,
tí wọn ò ṣe nǹkan kan,
tí wọ́n kàn ń retí bóòtù.
Mo kọ oníbodè kékeré kan, ìlà mọ́kàndínlógún,
mo fi í sẹ́nu ihò àkọ́kọ́.
Ó ń wo àlejò láti òkè délẹ̀:
kí lo dé sórí? kí lo wọ̀ sẹ́sẹ̀?
Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí abẹ ìfárí tó dé.
Fódà rẹ̀ lọ́tọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jẹun pọ̀.
Mo sọ ọ́ ní Onífìlà.

Ẹ̀dà mìíràn tún dé lánàá.
Mo di ojú, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.
Mo la ojú kan:
ọ̀wọ̀ wà nínú yàrá rẹ̀, òwò wà ní tirẹ̀,
ọwọ́ ò sì tíì wọ inú owó.

Mo sáré lọ sọ fún Bàbá.
Kò gbé ojú sókè. Ó ní,
"Kẹ̀kẹ́ tìrẹ yẹn, ṣé ó ní bíréèkì?"
Mo ní kò tíì ní.
Ó ju spánà nọ́ńbà mẹ́tàlá sí mi.